Tolpuddle: Ta Ló Ni Ìtàn Abúlé?

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní gúúsù England nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ kí ó lè rọrùn láti kà.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú òtútù. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtàn ilẹ̀ tí a ń gbé yìí, mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa retí ààfin ọba àti àwọn ogun ńlá. Abúlé kan ni mo mú wá. Tolpuddle lorúkọ rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Dorset. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ fi díẹ̀ ju 400 lọ. Láti 1999 ni wọ́n ti yí títì ńlá A35 gba ẹ̀yìn abúlé, nítorí náà bí ẹ bá ń wakọ̀ láti Poole lọ sí Dorchester, ẹ ó kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀ pé ẹ kọjá ibì kankan.

Odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Piddle ló ń ṣàn níbẹ̀, òun ló sì sọ gbogbo àwọn abúlé àfonífojì yẹn lórúkọ: Puddletown, Affpuddle, Briantspuddle, Piddlehinton. Ní ti Tolpuddle, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tola ló pín orúkọ náà pẹ̀lú odò. Òun àti Orc ọkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí àwọn Norman tó wá gba England ní 1066, àwọn ni wọ́n sì dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ ní Abbotsbury, létí òkun. Mo rí yín tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Tola yìí kì í ṣe Tọ́lá tiwa o, kí ẹnikẹ́ni má lọ máa wá ẹbí níbẹ̀.

Nítorí ọkùnrin mẹ́fà kan ni mo ṣe mú abúlé yìí wá, àwọn alágbàṣe tí ìjọba kó lọ sí ìgbèkùn ní 1834. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù àti ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí ẹ máa ń rí owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n yọ lára owó oṣù yín, ọ̀rọ̀ yín ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí a tẹ̀ lé dé òpin ni pé, ta ló pa ìtàn yìí mọ́? A máa ń rò pé ọmọ onílé ló ń tọ́jú ìtàn ilé. Ní Tolpuddle, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí 1830, ẹni tí kò bá ní ilẹ̀ ní abúlé yẹn, agbàṣe ló ń ṣe jẹun. Ilẹ̀ àjọni tí àwọn tálákà ti máa ń da ẹran jẹ̀, tí wọ́n ti máa ń ṣẹ́ igi ìdáná, òfin kan tẹ̀ lé òmíràn ti fi ọgbà yí i ká jákèjádò England, ó sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ńlá. Owó ọ̀sẹ̀ nìkan ni alágbàṣe ń wò. Nígbà tí ẹ̀rọ ìpakà tún wá dé, tó ń gba iṣẹ́ ìgbà òtútù lọ́wọ́ wọn, àwọn alágbàṣe gúúsù England fárígá ní 1830. Wọ́n fọ́ ẹ̀rọ, wọ́n dáná sun òkìtì koríko àwọn olóko. Ìjọba yẹgi fún àwọn kan, ó sì kó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún lọ sí Australia. Onílẹ̀ kan wà ní Moreton, kò jìnnà sí Tolpuddle, James Frampton, tó tún jẹ́ majísíréètì. Ó wà lára àwọn tó dojú kọ àwọn èrò yẹn ní Dorset. Ìbẹ̀rù ọdún yẹn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá gbàgbé èyí, ohun tó ṣe lẹ́yìn náà kò ní yé yín.

George Loveless ni ẹ óò máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ jù. Atúlẹ̀ ni, ẹṣin ló fi ń túlẹ̀. Ó ti kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé, ó sì máa ń wàásù ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, láti abúlé dé abúlé, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín. Ó fẹ́ ìyàwó, ó bímọ mẹ́ta. Nínú ìwé pélébé tó tẹ̀ jáde ní 1837, ó ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn alágbàṣe lọ bá àwọn olóko, wọ́n sì jọ fẹnu kò pé owó tí wọ́n ń san ní àwọn abúlé yòókù ni wọn yóò máa san ní Tolpuddle náà, ìyẹn ṣílè 10 lọ́sẹ̀. Àlùfáà abúlé wà ní ìkàlẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yóò rí i pé wọn kò yẹ̀ ẹ́. Nígbà tí owó máa dé, ṣílè 9 ni. Ó di 8. Ó di 7. Wọ́n wá ní yóò di 6. Àwọn alágbàṣe gba ọ̀dọ̀ àlùfáà lọ, àlùfáà ní òun kò bá ẹnikẹ́ni ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Èmi o, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù nìyí, ó dùn mí ju ti ẹ̀wọ̀n lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré lè fara dà á. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí o ní, tó jẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run, tó wá wo ojú rẹ tó sì ní òun kò gbọ́! Ta ni o tún fẹ́ pè?

Wọ́n pe ara wọn. Ní ọdún 1833, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn alágbàṣe sílẹ̀. Ṣílè 1 ni owó ìwọlé, kọ́bọ̀ 1 ni owó ọ̀sẹ̀. Yàrá òkè ní ilé Thomas Standfield, tó fẹ́ arábìnrin George, ni wọ́n ti ń pàdé. Ilé náà ṣì wà lójú pópó títí di òní, koríko ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀. Igi síkámọ̀ kan tún wà ní gbàgede tí wọ́n ní abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kóra jọ. Igi náà ti lé ní 300 ọdún, ó ṣì ń rúwé.

Wọ́n búra. Ohun tó kó wọn sí yọ́ọ́yọ̀ọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́, wọ́n á fi aṣọ dì í lójú, á kúnlẹ̀, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ kan sí i létí, á fẹnu ko ìwé, á sì ṣèlérí pé òun kò ní tú àṣírí. Nígbà tí wọ́n bá tú aṣọ ojú rẹ̀, àwòrán egungun òkú tó ga bí ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ rí lára ògiri, kí ó lè rántí òpin ara rẹ̀. Àwọn òyìnbó mìíràn tó ń kọ̀wé lórí èyí máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Níbi tí kò sí ìwé àdéhùn tí ilé ẹjọ́ máa fi gbèjà tálákà, tí ẹnu àlùfáà pàápàá kò ṣeé gbọ́kàn lé, kí ló kù bí kì í ṣe ìbúra? Ọ̀kan nínú àwọn tó búra ní December 1833, Edward Legg, ni ìjọba padà fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Frampton kọ̀wé sí Lord Melbourne, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní London. Ìṣòro wọn ni pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò lòdì sí òfin mọ́. Láti 1824 ni ilé aṣòfin ti fagi lé òfin tó kà á léèwọ̀. Wọ́n wá tú òfin àtijọ́ wò, wọ́n rí ọ̀kan. Ní 1797, àwọn ọmọ ogun ojú omi ṣọ̀tẹ̀, ìjọba sì ṣòfin pé ẹni tó bá búra ní ìkọ̀kọ̀ láti ṣọ̀tẹ̀ yóò rugi oyin. Òfin àwọn ọmọ ogun ojú omi yìí ni wọ́n gbé lé àwọn atúlẹ̀ lórí.

Ní ọjọ́ 22 oṣù February 1834, wọ́n lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ara ògiri káàkiri: ẹni tó bá wọ irú ẹgbẹ́ yìí, ìgbèkùn ọdún 7. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ 24, ọlọ́pàá ti dúró de Loveless lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ méjì péré. Nígbà tí wọ́n tú ara rẹ̀ wò ní ẹ̀wọ̀n Dorchester, ìwé ìkìlọ̀ náà wà nínú àpò rẹ̀.

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìyí: George Loveless àti James àbúrò rẹ̀, Thomas Standfield àti John ọmọ rẹ̀, James Brine, àti James Hammett. Ẹ rántí orúkọ ìkẹyìn yẹn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ wọn ní Dorchester ní oṣù March. Olórí ìgbìmọ̀ tó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀sùn wò jẹ́ àna Melbourne fúnra rẹ̀, Frampton náà sì wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Ẹni tó mú ènìyàn ló tún ń wò ó bóyá ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀! Loveless kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé, ó fi fún adájọ́: ó ní bí àwọn bá rú òfin, àwọn kò mọ̀ọ́mọ̀, àwọn kò ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́, àwọn kò fọwọ́ kan ara tàbí dúkìá ẹnikẹ́ni, àwọn kàn para pọ̀ kí àwọn, ìyàwó àwọn àti àwọn ọmọ má baà kú sínú ebi àti ìtìjú ni. Adájọ́ Williams kà á wúyẹ́wúyẹ́, ó sì sọ wọ́n sí ìgbèkùn ọdún 7.

Ojú wọn rí màbo ní Australia. Àwọn márùn-ún ni wọ́n kó lọ sí New South Wales, George nìkan ni wọ́n gbé lọ sí Van Diemen's Land, erékùṣù tí à ń pè ní Tasmania lónìí. Wọ́n pín wọn fún àwọn olóko bí ẹni pín ẹrú. Hammett sọ lẹ́yìn náà pé pọ́n-ùn 1 ni wọ́n ta òun. Ti James Brine ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ọmọ nǹkan bí ogún ọdún ni. Wọ́n ní kí ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí oko tí wọ́n yàn án sí. Àwọn dánàdánà dá a lọ́nà, wọ́n gba aṣọ, bàtà àti ohun ìbora tí ìjọba fún un. Nígbà tó dé oko, ọ̀gá rẹ̀ ní irọ́ ló ń pa, òun kò sì ní fún un ní aṣọ mìíràn fún oṣù mẹ́fà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí ó máa gbẹ́ ihò òpó ọgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbẹ́ ilẹ̀ rí mọ̀ pé ẹsẹ̀ la fi ń tẹ ṣọ́bìrì wọlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Ó wá ṣa àjákù irin tí wọ́n fi ń dè àgbá, ó so ó mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì ń fi gbẹ́ ilẹ̀. John Standfield ní tirẹ̀ rìn lọ wo bàbá rẹ̀ ní oko kejì, ó bá bàbá náà nínú ahéré olùṣọ́-àgùntàn, egbò bò ó látorí dé ẹsẹ̀.

Ní Tolpuddle, ìyá àwọn ọmọ lọ béèrè oúnjẹ ìrànwọ́ tí ìjọ máa ń fún àwọn aláìní. Frampton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kò sí: ẹni tó bá lówó ẹgbẹ́, kí ó lọ rí owó búrẹ́dì.

Àwọn ará ìta ló gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí. Ní ọjọ́ 21 oṣù April 1834, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn òṣìṣẹ́ péjọ sí Copenhagen Fields ní London, ní àgbègbè King's Cross, wọ́n sì wọ́ tẹ̀ lé ìwé ẹ̀bẹ̀ tó ní ìbuwọ́lù tó lé ní 200,000. Melbourne kọ̀, kò gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Àwọn èrò náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, wọn kò fọ́ ìkòkò. Thomas Wakley ń pariwo nínú ilé aṣòfin. Nígbà tí Lord John Russell di mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, tí Melbourne sì ti di olórí ìjọba, ó bi Melbourne ní ìbéèrè kan tí ẹnu kò lè dáhùn: bí ìbúra ìkọ̀kọ̀ bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìgbèkùn, ṣé kí wọ́n kó Duke ti Cumberland náà lọ? Ọmọ ìyá ọba ni Duke yẹn, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ Orange, tí àwọn náà ń búra ní ìkọ̀kọ̀. Ní March 1836, ọba dárí jì wọ́n pátápátá.

Ẹ sì wò ó, kò sẹ́ni tó tètè sọ fún àwọn tí wọ́n dárí jì. Loveless ń da ẹran jẹ̀ lọ́hùn-ún, inú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan tó ti London wá ló ti kà á pé òun ti di òmìnira. Àní nígbà tó mọ̀, kò lè kúrò kíákíá: ó ti kọ̀wé pé kí ìyàwó òun máa bọ̀, ẹ̀rù sì ń bà á pé ọkọ̀ àwọn yóò kọjá ara wọn lójú òkun. June 1837 ló tó délé. Àwọn mẹ́rin dé ní 1838. Hammett ni ìkẹyìn, ní 1839.

Ibi tí ọ̀pọ̀ máa ń parí ìtàn yìí sí nìyẹn. Níbẹ̀ ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Lára àwọn mẹ́fà, márùn-ún kò padà gbé Tolpuddle. Owó tí àwọn òṣìṣẹ́ dá jọ fún wọn ni wọ́n fi gba oko ní Essex. Wọn kò fara balẹ̀ níbẹ̀ náà. Àwọn onílẹ̀ àti àlùfáà ibẹ̀ kò fẹ́ wọn. Láti 1844 sókè, wọ́n kó lọ sí Ontario ní Canada, nítòsí ìlú tí wọ́n ń pè ní London níbẹ̀. Wọ́n ní wọn kì í sọ̀rọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, débi pé ọmọ bíbí inú àwọn kan kò mọ̀ pé bàbá àwọn ṣẹ̀wọ̀n rí. John Standfield di olówó ilé ìtura, ó tún di olórí ìlú East London lọ́hùn-ún. George kú síbẹ̀ ní 1874.

Hammett nìkan ló padà. Ẹ jẹ́ kí a wo irú ènìyàn tó jẹ́. Kì í ṣe oníwàásù. Ó ti ṣẹ̀wọ̀n oṣù mélòó kan rí nítorí ó jí àjákù irin, kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ rárá. Ohun tí àwọn òpìtàn sì sọ ni pé kò sí níbi ìbúra tí wọ́n fi mú un. Àbúrò rẹ̀, John, ló wà níbẹ̀. Ìyàwó John wà nínú oyún. Nígbà tí ọlọ́pàá pe orúkọ Hammett, ó dá wọn lóhùn, ó sì bá wọn lọ. Ọ̀rọ̀ kan kò jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ilé ẹjọ́. Àwa tí a mọ ohun tí à ń pè ní ọmọ ìyá, ẹ jẹ́ kí a fi eléyìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò fẹ́ àlàyé.

Ó gbé abúlé náà fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìgbèkùn. Ní 1875, ẹgbẹ́ àwọn alágbàṣe tuntun fún un ní aago. Ẹ má rò pé Tolpuddle ni wọ́n ti ṣe é o, Briantspuddle ni. Nígbà tó darúgbó tí ojú rẹ̀ fọ́, kò fẹ́ di ẹrù sórí àwọn ọmọ, ó sì gba ilé àwọn aláìní lọ ní Dorchester. Ibẹ̀ ló kú sí ní November 1891. Wọ́n gbé e wá sin sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Tolpuddle. Onílẹ̀ ńlá abúlé wá síbi ìsìnkú náà. Ó dúró ti sàréè, kì í ṣe láti dárò: ó ń ṣọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni má baà fi òkú náà yin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ọdún 57 lẹ́yìn ẹjọ́ Dorchester! Ẹ̀rù òkú afọ́jú ṣì ń bà wọ́n. Yorùbá ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní Tolpuddle, ẹni tó ṣu gan-an ló rántí jù.

Sàréè náà kò ní òkúta orúkọ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ní 1912 wọ́n kọ́ ẹnu ọ̀nà ìrántí síwájú ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, Arthur Henderson ti ẹgbẹ́ òṣèlú Labour ló wá ṣí i. Lẹ́yìn náà ni ọdún 1934, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré. TUC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kọ́ ilé mẹ́fà sí Tolpuddle fún àwọn alágbàṣe tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n fi orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sọ wọ́n. Eric Gill gbẹ́ òkúta fún sàréè Hammett, George Lansbury, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Labour nígbà náà, sì wá ṣí i. Ẹ wo orúkọ wọ̀nyí: Henderson, Gill, Lansbury. Kò sí ọmọ Tolpuddle nínú wọn. Àlejò ló wá sọ fún onílé pé ohun iyì wà nínú ilé rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì kọ́ ní 1818, tí George ti wàásù, ó di àká olóko fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àìpẹ́ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á padà láti tún un ṣe. Lóṣù July lọ́dọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn máa ń wá ṣe àjọ̀dún níbẹ̀ pẹ̀lú àsíá ẹgbẹ́ wọn àti ìlù, wọ́n á fi òdòdó sórí sàréè Hammett. Èrò ọjọ́ náà máa ń pọ̀ ju abúlé lọ lọ́nà púpọ̀. Ẹ tètè lọ kí ẹ lè rí ibi gbé mọ́tò sí.

Lẹ́yìn tí mo parí, arábìnrin kan ní ẹ̀yìn béèrè ìbéèrè tó dára. Ó ní, "Bùọ̀dá, kí ló dé tí Hammett fi padà sáàárín àwọn tó tà á, báwo ló sì ṣe jẹun níbẹ̀?" Mo sọ fún un pé kò sí ibi tí Hammett ti kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe wà ní àkọsílẹ̀. Kò padà sí iṣẹ́ agbàṣe oko mọ́. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló ń bá wọn ṣe. Èmi rò pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí olóko bá bínú, iṣẹ́ oko ló lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí oko lọ́wọ́ Hammett mọ́.